Fúnkẹ́, ọ̀rọ̀ Tanímọ̀la

Mọ́lípà,
Ìjẹ̀bú-Òde.

Fúnkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù Kánádà ńkọ́? Mo fẹ́ dúró dìgbà tí o bá pè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé pa mọ́ra. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù tí ìwọ náà mọ̀ yẹn ti ń sọ kiri àdúgbò pé ajá rẹ ti ya dìgbòlugi. Tanímọ̀la tó ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ́dọọdún, tí káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi! Mo gbé káàdì náà tọ bàbá onílé lọ, mo ní kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Wọ́n ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n má jẹ́ kó máa gbó mọ́ àwọn ọmọ ilé kéú.

Kì í ṣe pé ajá yìí burú, Fúnkẹ́, ẹ̀rù ló ń bà á. Dókítà ẹranko ló là á yé mi. Wọ́n ní láti ọ̀sẹ̀ 3 títí dé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14 ni ọmọ ajá máa ń mọ ayé. Ìgbà yẹn ló yẹ kó ti rí oríṣiríṣi èèyàn, kó ti gbọ́ ariwo ọ̀kadà. Ìwọ náà ṣáà mọ ibi tí wọ́n tì í mọ́ kó tó dọ́wọ́ rẹ. Bí èèyàn bá wá fa okùn mọ́ ọn lọ́rùn, tó tún jágbe mọ́ ọn, ṣe ló máa gbà pé ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Kó jìnnà sí ohun tó ń bẹ̀rù, oògùn ẹ̀ nìyẹn. Bẹ́líìtì tó gba àyà ló ń wọ̀ báyìí, kì í ṣe ṣéènì ọrùn, mo sì ń dẹ okùn sílẹ̀ díẹ̀. Àárọ̀ kùtù la ń jáde, káwọn ọmọ iléèwé tó gba títì. Mo ti máa ń bọ ẹ̀dọ̀ adìẹ láìfi àlùbọ́sà sí i, torí àlùbọ́sà ń ṣe ajá léṣe, màá gé e wẹ́wẹ́ sínú ọ̀rá. Bó bá ti tajú kán rí ajá mìíràn lọ́ọ̀ọ́kán, kó tó gbó rárá, ẹ̀dọ̀ ti dé ẹnu ẹ̀.

Ojú ẹ̀ ni mo máa ń wò. Ẹnu tó là sílẹ̀ tó fi ń mí á ṣàdédé pa dé, etí á nà síwájú, ìrù á le gan-an. Kò ní pẹ́ rárá tí gbígbó á fi tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni màá ti ní, “Ó yá, ká yà,” a ó sì ṣẹ́rí padà. Inú ọgbà ilé la ti kọ́ ọ, níbi tí nǹkan kan ò ti dẹ́rù bà á. Bó bá sì fẹ́ fi imú tú ìdí koríko kan títí, màá dúró tì í, torí ó ń jẹ́ kí ara ẹ̀ rọ̀. Ọjọ́ tí nǹkan bá já a láyà púpọ̀, a kì í jáde lọ́jọ́ kejì. Oúnjẹ ni mo ń fọ́n sínú koríko fún un kó máa wá a kiri.

Lánàá, ìyá ẹlẹ́kọ kọjá lódìkejì títì tòun ti igbá lórí. Tanímọ̀la wò ó, ó wò mí, ó sì padà sídìí koríko ẹ̀. Omi bọ́ lójú mi.

Ìyá Àgbà ti ń rìn láìmú ọ̀pá, Bísí ti bí ọkùnrin, gààrì tún ti wọ́n, aṣọ ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa fún Ojúde Ọba sì ti dé.

Ojúde Ọba yẹn gan-an ló ń kó ìdààmú bá mi. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, báwọn ìdílé Balógun bá ti gẹṣin dé, ìbọn á máa dún lákọlákọ. Ẹ̀dọ̀ adìẹ ò ran ìyẹn. Bó bá já mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín èrò, àwọn tí ìyá oníṣọ́ọ̀bù ti rojọ́ dìgbòlugi fún lè sọ ọ́ lókùúta pa. Mi ò sùn dáadáa lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Jọ̀ọ́, bá mi bẹ bọ̀dá yín ní Ìpẹru kí wọ́n gbà á sọ́dọ̀ kí Iléyá tó wọlé. Èmi ni màá gbé e lọ, màá sì sùn tì í títí ilẹ̀ ibẹ̀ á fi mọ́ ọn lára. Yàrá ẹ̀yìnkùlé tó. Kí wọ́n ṣáà má so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí mo bá pè wọ́n, wọn ó ní kí n wá nǹkan mìíràn ṣe. Tìrẹ ni wọn ò ní lè kọ̀. Pè wọ́n kí o tó pè mí.

Èmi ni,
Rónkẹ́.