Ariwo omi yóò bo ọ̀rọ̀ òṣèré mọ́lẹ̀

Olóòtú,

Ẹ bá wa sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi owó ara wọn ya fíìmù ní Ìlọrin àti Ọ̀fà: bí ìtàn bá jẹ́ ti àwọn tí ayé ti ṣe léṣe, tí wọ́n sá wọ igbó, ohùn ni kí wọ́n kọ́kọ́ rò, kì í ṣe kámẹ́rà. Gbogbo wọn ló fẹ́ ya omi Òwu tó ń já láti orí àpáta ní Ìfẹ́lódùn. Ó rẹwà, a gbà. Ṣùgbọ́n ariwo omi kún inú ìró kan náà tí ohùn ènìyàn wà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà yọ ariwo náà, ọ̀rọ̀ náà yóò dún bíi ti ẹni tó wà nínú agolo. Àwòrán tó fẹ̀ ni kí ẹ yà níbẹ̀, kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ ẹnu lọ sẹ́yìn àpáta tó jìnnà. Kí gbogbo yín wá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 1, kí ẹ gba ohùn igbó lásán sílẹ̀. Òun lẹ máa fi dí àlàfo nígbà tí ẹ bá ń to fíìmù pọ̀.

Lásìkò ọyẹ́, inú mọ́tò ni kí ẹ ti pààrọ̀ lẹ́ńsì, kí ẹ pa kámẹ́rà, kí ẹ da ojú rẹ̀ bolẹ̀, kí eruku má baà wọ inú rẹ̀. Oòrùn ọ̀sán a máa sọ kòtò ojú di dúdú. Aago 7 sí 9 àárọ̀ ló dára jù láti ya àwòrán. Ẹ fi fóònù ya ọgbẹ́ àtọwọ́dá tí ẹ fi sí òṣèré lára lẹ́yìn ìran kọ̀ọ̀kan. Bí egbò bá ti apá ọ̀tún ṣí lọ sí òsì, ẹ̀rín ni àwọn òǹwòran yóò fi wo ìbànújẹ́ yín.

Àwa òǹkàwé yín,
Ọ̀mù-Àrán