Ta ló ni òrùlé ilé Àgùdà?

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ilé Àgùdà, ìyẹn ilé àwọn tó ti Brazil padà wá, l'Ékòó, Ilojo Bar ní Tinúbú la máa ń sunkún lé lórí: ilé tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba sọ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956, tí wọ́n sì wó ní oṣù kẹsàn-án 2016. Ẹkún náà tọ́. Àmọ́ kì í ṣe katakata ló ń pa púpọ̀ nínú àwọn tó kù ní Pópó Àgùdà, àdúgbò wọn ní Erékùṣù Èkó. Pínpín ni.

Ẹ wo bí àwọn bíríkìlà tó ti Brazil dé ṣe kọ́ ọ. Ògiri nípọn, ṣọ́ọ̀bù wà nísàlẹ̀, ẹbí ń gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan sì la ilé já láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà. Bàbá kú tán, a pín ilé ní ìdí-igi: ọmọ ìyá kan gba iwájú, ọmọ ìyá kejì gba ẹ̀yìn. Ará iwájú fi pákó dí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ojúlé tirẹ̀ lè dá dúró. Ará ẹ̀yìn dá ògiri lu nítorí páìpù. Ìgbà tó yá, gbogbo wọn ní ooru ń mú àwọn, wọ́n ra ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n tún dá ihò mìíràn lu.

Mi ò ní ká má pín o. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé yàrá nìkan la máa ń rántí. Bí òkè bá ń jò, ará ìsàlẹ̀ á ní kò kan òun, títí omi á fi gba inú ògiri wá bá a. Nílé tiwa, nítorí páànù, àbúrò bàbá mi méjì ò kí ara wọn mọ́. Bẹ́ẹ̀, lábẹ́ àṣà wa, bó bá jẹ́ pé yàrá la kàn pín fún kálukú láti máa gbé, ẹbí ló ṣì ni gbogbo ilé. Ẹnì kan ò lè dá a tà láìsí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí níbẹ̀. Kí ló dé tí àtúnṣe òrùlé wá di ti ẹni tó sùn sábẹ́ ibi tó ń jò?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ pín, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé òrùlé, àtẹ̀gùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ojú ilé kò sí nínú ìpín ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì máa dáwó wọn lóṣooṣù. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́ bíríkì àtijọ́; ọ̀rinrin á há sínú rẹ̀, á máa jẹ ẹ́. Ẹfun sísun (lime), tó ń jẹ́ kí omi gbẹ kúrò lára ògiri, ló bá a mu.

Ẹ̀yin ìjọba náà, orúkọ “ohun ìṣẹ̀ǹbáyé” lásán ò tó. Ilojo Bar jẹ orúkọ yẹn fún 60 ọdún. Ẹ rán oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọ ògiri àtijọ́ sí àwọn ẹbí wọ̀nyí, kí ẹ sì bá wọn gbé díẹ̀ nínú owó páànù.

Òǹkàwé yín,
Láfíàjí, Èkó