Àjàní, o bèèrè Dádì

Ọ̀fà,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Àjàní ọ̀rẹ́ mi,

Òtútù Kánádà ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà dáadáa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. O bi mí lórí fóònù pé kí ni Dádì mi ń ṣe látìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìwádìí nuclear, dátà wá tán, mo ní kí n kúkú jókòó kọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ wọn pọ̀ ju ti orí fóònù lọ.

Ara wọn le. Ọ̀fà ni wọ́n padà sí nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún 65. Gbogbo àdúgbò ló ń pè wọ́n ní Bàbá Nuclear, àwọn míì á sì bi wọ́n pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe nuclear, kí ló dé tí NEPA ò mú iná wá? Dádì kì í bínú o. Wọ́n á ní kí onítọ̀hún jókòó, wọ́n á ṣàlàyé fún un pé riákítọ̀ tó wà ní Zaria, ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ nuclear yẹn, kì í ṣe èyí tó ń pèsè iná, kílówáàtì tó lé díẹ̀ ní 30 péré ni gbogbo agbára ẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bí ọgbọ̀n bá tan áyọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kan náà ni. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ló wà fún. Wọ́n á bu iyẹ̀pẹ̀ oko tàbí oúnjẹ tàbí òkúta sínú ike kékeré kan, atẹ́gùn inú páìpù á gbé e wọ inú riákítọ̀ lọ, rabbit làwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń pe ẹ̀rọ yẹn, tó bá ti jáde, ìtànṣán tó ń ti ara ẹ̀ jáde ni wọ́n máa fi mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, bóyá góòlù ni, bóyá májèlé ni. Ká ní o rí ojú Dádì tí wọ́n bá ń sọ ọ́!

Ohun tó ká mi lára ni pé àwọn èèyàn ò mọ bí wọ́n ṣe dúró de iṣẹ́ yẹn pẹ́ tó. 1976 ni ìjọba dá ibùdó ìwádìí tó wà ní ABU, fásitì Ahmadu Bello ní Zaria, sílẹ̀, òun àti ti Ifẹ̀. Dádì wọ ibẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àmọ́ ìwọ rò ó wò, February 2004 ni riákítọ̀ yẹn tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́! Àwọn ẹgbẹ́ wọn ti bá ilé-iṣẹ́ epo lọ, àwọn míì ti gba Amẹ́ríkà lọ, owó oṣù ò tó nǹkan kan, Dádì ṣì wà ní Samaru, àdúgbò ABU ní Zaria, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ fásitì, àwọn náà ń kàwé sí i. Nígbà tí Chernobyl bú gbàmù ní 1986, ìyá wọn ránṣẹ́ láti Ọ̀fà pé kí wọ́n fi iṣẹ́ ikú yẹn sílẹ̀ kíákíá, kí wọ́n wálé wá ṣe tíṣà. Wọ́n wọ rélùwéè wálé, wọ́n kúnlẹ̀ bẹ ìyá, wọ́n ní tí àwọn tó mọ̀ ọ́n bá sá, ta ló máa wá máa ṣọ́ ọ?

Iṣẹ́ ìṣọ́ náà ni wọ́n sì ṣe dópin. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí wọn ní Samaru, bí mo ṣe ń sáré lọ dì mọ́ wọn, wọ́n ní dúró ná. Wọ́n bọ́ báàjì kékeré tó wà láyà ṣẹ́ẹ̀tì wọn, èyí tó ń ka iye ìtànṣán tó bá kan èèyàn lára, wọ́n gbé e kọ́ sáyè ẹ̀, wọ́n fọwọ́, wọ́n tún lọ dúró lórí ẹ̀rọ tó ń yẹ ọwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ wò, ìgbà tí ẹ̀rọ yẹn ní kò séwu ni wọ́n tó na ọwọ́ sí mi. Mo rò pé ìfẹ́ wọn sí wa nìyẹn gan-an.

Èyí tó tún yà mí lẹ́nu ni ti 2018. Epo tí riákítọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, uranium tó lágbára gan-an ni, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ ibi lè máa wá. Kò ju bíi kílò kan lọ o, àmọ́ Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Ṣáínà àti IAEA, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ nuclear, ló jọ bá Nàìjíríà lọ́wọ́ sí i kí wọ́n tó fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e padà sí Ṣáínà tí wọ́n ti ṣe riákítọ̀ náà, ní December ọdún yẹn, wọ́n sì fi èyí tí ò tó ìdá 20 rọ́pò ẹ̀. Dádì ò sọ fún ẹnì kankan! Inú ìwé ìròyìn ni Mọ́mì ti rí i. Mọ́mì ní "Bàbá Àkànbí, gbogbo èyí lẹ fi sínú tẹ́ ẹ sì ń jẹ ìyán?" Wọ́n ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni.

Bẹ́ẹ̀, láti ọ̀nà jíjìn yẹn náà ni wọ́n ti ń ṣe baba fún wa, torí Mọ́mì ò lè fi iṣẹ́ tíṣà wọn sílẹ̀ ní Ọ̀fà. Ṣé o rántí àwọn lẹ́tà wọn? Ìparí gbogbo ẹ̀ ló máa ń ní ìṣirò kan, a sì gbọ́dọ̀ fi ìdáhùn ránṣẹ́ padà. Ìwọ lo máa ń bá mi ṣe é lẹ́yìn ilé yín, títí Dádì fi kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí Àjàní náà máa fi tiẹ̀ ránṣẹ́ lọ́tọ̀. Tí wọ́n bá ń bọ̀ fún Iléyá, Kaduna, Minna, Jẹ́bà, Ìlọrin, rélùwéè á ti pẹ́ lọ́nà, òru ni wọ́n á wọlé, kílíṣí lọ́wọ́, a ò sì ní tíì sùn. Ní báyìí àwọn ọmọ àbúrò mi ni wọ́n ń fún ní ìṣirò, àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì àdúgbò náà ń wá kọ́ físíìsì ní pálọ̀ ní Sátidé, wọn kì í gba kọ́bọ̀.

Wọ́n ní kí n sọ fún ẹ pé iná tó ń tàn nílé ẹ ní Ontario níbẹ̀, bí ìdajì ẹ̀ ló ń wá láti ilé-iṣẹ́ nuclear, Pickering, Darlington àti Bruce, àti pé riákítọ̀ ti ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀, wọn kì í pa á kí wọ́n tó fi epo tuntun sí i. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tán lẹ́nu wọn. Jọ̀ọ́, tó o bá ń kọjá lẹ́bàá Pickering, ya fọ́tò ẹ̀ láti ojú títì, fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Kó o sì pè wọ́n fúnra ẹ, lẹ́yìn Ìṣáì, ọwọ́ wọn máa ń dilẹ̀ nígbà yẹn, ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ bi ẹ́ pọ̀ gan-an.

Mọ́mì ń kí ẹ. Bá mi kí ìyàwó àtàwọn ọmọ.

Èmi ni,
Àkànbí.