Fáìlì òfìfo ló ń tú apààyàn sílẹ̀ n'Ìkòròdú

Olóòtú,

Wọ́n tún ti tú àwọn kan sílẹ̀ lórí ìpànìyàn ẹgbẹ́ òkùnkùn n'Ìkòròdú. Wọ́n ní agbẹjọ́rò ìjọba ka fáìlì, ẹ̀rí kò tó. Ta ni kò jẹ́ kó tó?

A ò ní kí wọ́n gbé ẹni tí àdúgbò kàn ń pè ní ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn Ẹiyẹ tàbí Ayé lọ ilé ẹjọ́ gíga o. Ohun mẹ́ta ni fáìlì gbọ́dọ̀ fi hàn: pé olóògbé kú lóòótọ́, pé ohun tí afurasí yìí ṣe ló pa á, àti pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, tàbí ó mọ̀ pé irú ohun bẹ́ẹ̀ lè gbẹ̀mí èèyàn. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ẹjọ́ ìpànìyàn ti bàjẹ́. Bí àwọn mẹ́wàá bá ya bo ẹnì kan, òfin fàyè gbà á kí gbogbo àwọn tó jọ gbìmọ̀ jẹ́jọ́, ṣùgbọ́n pé ẹnì kan wà níbẹ̀ nìkan kò tó.

Kí ni àwọn ọlọ́pàá wá ń kó sínú fáìlì? Wọ́n ti sin òkú kí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n fi ọwọ́ lásán ṣa èèpo ọta ìbọn, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé lọ́wọ́ ta ló ti dé ọ̀dọ̀ ta. Ìjẹ́wọ́ nìkan ni wọ́n gbọ́kàn lé, bẹ́ẹ̀ òfin Èkó ti 2011 ní kí wọ́n gbà á sórí fídíò tàbí kí agbẹjọ́rò afurasí wà níbẹ̀. Fáìlì òfìfo bẹ́ẹ̀ ló ń ti àgọ́ ọlọ́pàá lọ Páńtí, ẹ̀ka ọlọ́pàá Èkó tó ń wádìí ọ̀ràn ńlá, tó ń ti Páńtí lọ ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba ní Aláùsá, nígbà tí májísíréètì tí kò lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ ìpànìyàn ń sún àhámọ́ síwájú. Àwọn ọ̀gá tó yẹ kó béèrè kò béèrè.

Ohun tí mo fẹ́ ni agbẹjọ́rò ìjọba kan tó ń gbé Ìkòròdú, tí wọ́n á pè lọ́jọ́ tí wọ́n pa èèyàn gan-an, kí fáìlì tó rékọjá Páńtí. Òun ni yóò ní kí ẹ má tíì sin òkú, ẹ wá mọ̀lẹ́bí tó máa dá a mọ̀ níwájú dókítà, ẹ kọ̀wé gba àkọsílẹ̀ ìpè fóònù àwọn afurasí kó tó pẹ́ jù. Òun náà ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀: ẹni tó yìnbọn, ẹni tó gbé wọn wá, ẹni tó kàn ń kọjá lọ. Ẹni tí ẹ̀sùn ìpànìyàn kò bá mú, bí ẹ̀rí bá wà pé ọmọ ẹgbẹ́ ni, òfin Èkó ti 2021 tó de ẹgbẹ́ òkùnkùn wà ńlẹ̀ tó ń fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 jẹ irú wọn. Kí ló dé tí wọ́n fi ń gbàgbé rẹ̀?

Kí wọ́n sì yé ka orúkọ àti àdírẹ́sì ẹlẹ́rìí sókè lórí káńtà àgọ́ ọlọ́pàá.

Òǹkàwé yín,
Ìkòròdú