Omi tí kò lẹ́ja kì í ṣe omi lásán

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka ìròyìn kúkúrú tí ẹ gbé jáde nípa Abert, adágún oníyọ̀ kan tó dá wà nínú aṣálẹ̀ ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oregon, ní Amẹ́ríkà. Èbúté Májídùn ni mo ti kà á sókè fún àwọn tí a jọ ń dúró de ọkọ̀ ojú omi, ọ̀kan nínú wọn sì bi mí pé omi tí kò lẹ́ja, tí kò sì sí ìlú ńlá nítòsí rẹ̀, kí ni èèyàn fẹ́ fi ṣe. Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí ìròyìn yín kò dé ibẹ̀.

Odò Chewaucan ló ń ṣàn wọ inú adágún náà, ṣùgbọ́n omi kò rí ọ̀nà jáde níbẹ̀. Oòrùn nìkan ló ń fà á gbẹ, iyọ̀ a sì ṣẹ́ kù sílẹ̀. Ẹja kò lè gbé irú omi bẹ́ẹ̀. Edé tíntìntín àti eṣinṣin etí omi ló ń gbé e, wọ́n sì pọ̀ bí eṣú. Tìtorí wọn ni ẹyẹ kékeré tí wọ́n ń pè ní Wilson's phalarope ṣe ń yà síbẹ̀ lóṣù Keje, tí yóò máa pòyì lójú omi bí òkòtò kí oúnjẹ lè ru sókè, tí yóò sì jẹun títí ara rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo ní ìlọ́po méjì, kó tó gbéra lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà.

Nígbà tí ọ̀dá dá, tí wọ́n sì tún ń darí omi odò náà sínú oko, adágún Abert fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán ní 2014, ó tún rí bẹ́ẹ̀ ní 2021. (N kò bú àgbẹ̀ o, ọmọ àgbẹ̀ ni èmi náà.) Iyọ̀ ibẹ̀ le kọjá ohun tí edé pàápàá lè fara dà, àwọn ẹyẹ kò sì rí nǹkan kan bá mọ́.

Ọ̀sà tiwa ní Èkó náà ń níyọ̀ lẹ́ẹ̀rùn. Òjò àti odò Ògùn ló ń bá wa fọ iyọ̀ náà kúrò. Nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni ẹyẹ pẹ́ńpẹ́ kan, common sandpiper, máa ń dé sí etí rẹ̀ láti Yúróòpù, ẹ ó sì fi ìdí rẹ̀ tí kì í yé mì sókè sódò dá a mọ̀, bó ti ń ṣa kòkòrò jẹ lórí ẹrẹ̀. Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, mo ka mẹ́rin lórí ẹrẹ̀ kan tí kò fẹ̀ ju yàrá méjì lọ. Wọ́n ti da yanrìn bò ó báyìí, wọ́n sì ti ri òpó ọgbà mọ́ ọn.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé, kí ìjọba tó fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ láti fi yanrìn dí etí ọ̀sà, kí wọ́n rán ẹni tó mọ̀ nípa ẹyẹ lọ wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lójò àti lẹ́ẹ̀rùn, nítorí ẹni tó bá lọ lóṣù Kẹfà nìkan yóò padà wá jábọ̀ pé òun kò bá àlejò kankan níbẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Májídùn, Ìkòròdú.