Ẹni tó kọ́ ìlù lójú ìrìnàjò, kó dárúkọ ibi tó ti kọ́ ọ

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà kan jáde nínú ìwé ìròyìn yín láìpẹ́ yìí, nínú èyí tí òǹkàwé yín kan ti bínú sí àwa akọrin Èkìtì tí a ń mú ìlù òkèèrè wọ inú orin wa, tó sì ní ohun tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ la ń bà jẹ́. Mo wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá wí, nítorí pé ìlù àwọn ará Mahi ti ìlú Savalou, ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin, ló gbé orin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì dúró. Lójú tèmi, òǹkọ̀wé náà na ẹni tí kò ṣẹ̀, ó sì fi ẹni tó ṣẹ̀ sílẹ̀.

Ọdún iṣu tuntun ló gbé mi dé Savalou. Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ni wọ́n máa ń ṣe é lọ́dọọdún, ó sì yẹ kó wu ọmọ Èkìtì tí iyán kì í tán nílé rẹ̀ láti wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń bọlá fún iṣu. Bí èèyàn bá gba Kùtọ̀nú gòkè lọ, yóò dé Ìdáàṣà, níbi tí wọ́n ṣì ń sọ èdè tó bá tiwa tan, kí ó tó yà lọ sí Savalou. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìlù tí wọ́n ń pè ní tchinkoumé. Wọ́n á gbé igbá ńlá tó kún fún omi kalẹ̀, wọ́n á dojú igbá mìíràn dé lójú omi náà, èyí tí wọ́n dojú rẹ̀ dé yìí ni wọ́n sì ń lù. Ohùn rẹ̀ kì í le bíi ti awọ. Ńṣe ló ń dún gbùdù, bí ẹni pé abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń jáde. Orin òkú ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Stan Tohon, akọrin ọmọ Benin, ti gbé e wọ inú orin onígìtá, tó pè é ní Tchink System, tí àwọn èèyàn sì ń jó o lóde àríyá.

Nítorí pé orin òkú ni, n kò fi ṣe orin ijó. Ìyá àgbà kan tó máa ń ṣe alámọ̀, ìyẹn orin ìbílẹ̀ àwọn obìnrin Èkìtì, nígbà ayé rẹ̀ ni mo fi dárò, ní ẹ̀ka èdè wa. Ibẹ̀ niṣẹ́ ti le. Èdè Yorùbá kì í gbà kí a fa ohùn rẹ̀ gba ibi tó wù wá: bí orin bá ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń gòkè, ohun tí a ń wí yóò di nǹkan mìíràn, gẹ́gẹ́ bó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ orin ìsìn tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wa há inú ohùn orin Òyìnbó. Nítorí náà mo fi ohùn orin àwọn ará Savalou sílẹ̀ fún wọn, ìrìn ìlù nìkan ni mo mú, mo sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà tí yóò gbà. Nígbà tó kan ègbè, n kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Àwọn obìnrin Ọ̀yẹ́ tí mo kó wá kàn pín ohùn sí méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tí wọ́n jọ ń rìn, bí a ti ń ṣe é ní Èkìtì àti ní Ìjẹ̀ṣà. Ẹnu a máa ya ẹni tó bá ti Ọ̀yọ́ wá, níbi tí gbogbo ègbè ti máa ń pàdé sórí ohùn kan ṣoṣo.

Ní sítúdíò, agídí igbá olómi yìí ju ti èèyàn lọ. Bí a bá ti ń lù ú, afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ ń yọ díẹ̀díẹ̀, igbá ń rì, ohùn rẹ̀ sì ń yí padà, débi pé ìparí orin kò bá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mu mọ́, àfi bí onílù bá fi ọwọ́ kejì gbé etí igbá sókè kí afẹ́fẹ́ lè padà wọlé. A pa jẹnẹrétọ̀, a fi tìmùtìmù sábẹ́ igbá, a sì gbé makirofóònù ga kí omi má baà ta sí i. Ẹni tó ń gba orin sílẹ̀ wá dá àbá kan tó rọrùn létí: níwọ̀n ìgbà tí ìlù tí mo fi fóònù gbà ní Savalou ti dún ketekete, kí a gé ibi tó dára jù nínú rẹ̀, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ orin wa, kí a sì máa yí i po títí orin yóò fi tán. Mo kọ̀. Àwọn tó lu ìlù yẹn gbà kí n gbọ́, wọ́n sì fi bí a ti ń gbé igbá lé omi hàn mí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bá wọn sọ ọ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn yóò máa dún nínú ọjà tí èmi ń tà.

Ìyàtọ̀ tí lẹ́tà yẹn kò rí nìyẹn. I.K. Dairo, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, fi kọ́dìọ́nù Òyìnbó kọrin jùjú, kò sì sí ẹni tó sọ pé orin rẹ̀ kì í ṣe ti Yorùbá. Ọ̀ràn wà níbi tí a bá ti kó ohun tí a rí, tí a sì pa orúkọ ẹni tó ni ín rẹ́. Solomon Linda, ọmọ Súlú ní South Africa, gba orin kan sílẹ̀ ní 1939. Orin náà sọ àwọn mìíràn lókè òkun di olówó, òun kú nínú ìṣẹ́ ní 1962, ó sì di 2006 kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó rí àdéhùn gbà lórí rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ tiwa, ti 2022, náà ní kí ẹni tó bá mú orin ìbílẹ̀ lọ síta dárúkọ àwọn èèyàn tàbí ìlú tó ti mú un. Òfin Nàìjíríà ni lóòótọ́, kò dé Savalou, ṣùgbọ́n n kò rí ìdí tí n ó fi fi ohun tí mo fẹ́ fún Èkìtì du àwọn ẹlòmíràn.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún, Olóòtú, ni pé bí ẹ bá tún ń kọ̀wé nípa àwo orin tuntun, ẹ bi akọrin léèrè ibi tó ti kọ́ ìlù rẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ orúkọ orin náà. Orúkọ Savalou ti wà lára páálí àwo tiwa. Kí òǹkọ̀wé yẹn náà sì bá wa béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ àwọn tó ń gba ohùn àwọn ìyá wa tó ń ṣe alámọ̀ sílẹ̀ níbi òkú, tí wọ́n ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìdárúkọ ìlú tí wọ́n ti gbà á.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akọrin kan, Adó-Èkìtì.