Oúnjẹ ni áńgẹ́lì kọ́kọ́ gbé fún Èlíjà

Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n bá àwọn aṣáájú ìjọ àti àwọn ará tí ìyà ń jẹ lásìkò yìí sọ̀rọ̀. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ìjọ, bí àìsàn bá dá a wólẹ̀, tàbí tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, ohun tí a sábà máa ń kọ́kọ́ là sílẹ̀ fún un ni ààwẹ̀ gbígbẹ, ọjọ́ 3 tàbí 7, pẹ̀lú ìṣọ́ òru. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí a dá a dúró ná. Ààwẹ̀ dára, Jésù fúnra rẹ̀ gbà á. Àmọ́ ẹni tí kò rí oorun sùn láti ọjọ́ mẹ́rin, tí oúnjẹ gidi kò kan ẹnu rẹ̀, ìwọ̀nba okun tó kù lára rẹ̀ la ń gbà.

Ẹ ṣí 1 Ọba 19. Èlíjà sá fún Jésíbẹ́lì, ó dé abẹ́ igi kan nínú aginjù, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì kò bá a wí, kò bi í pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ló dá. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní kó dìde, kó jẹun. Àkàrà tí a dín lórí ẹ̀yín iná àti orù omi ló wà lẹ́bàá orí rẹ̀. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì padà wá lẹ́ẹ̀kejì, oúnjẹ náà ló tún ní kó jẹ, nítorí pé ọ̀nà náà jìn jù fún un. Ẹ̀yìn èyí ni ọjọ́ 40 tí a fẹ́ràn láti máa wàásù rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Nínú Róòmù 5, Pọ́ọ̀lù ní ìpọ́njú ní ń ṣiṣẹ́ sùúrù. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó lò níbẹ̀, hypomonē, túmọ̀ sí kí ènìyàn dúró sábẹ́ ẹrù láìsá. Ẹ wo aláàárù lọ́jà: kí wọ́n tó gbé àpò rù ú, yóò ká aṣọ, yóò fi ṣe òṣùká. Òṣùká kì í dín ẹrù kù, ṣùgbọ́n orí á lè gbà á. Òṣùká ni mo ń wá fún àwọn ará wa.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí ẹni náà jẹun lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó kéré tán, kó sì tètè máa sùn. Oògùn tí dọ́kítà kọ fún un, kó má dá a dúró nítorí àdúrà. Pọ́ọ̀lù náà ní kí Tímótì lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀ àti àìsàn tó ń ṣe é lemọ́lemọ́. Aboyún, abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́yàn, àti ẹni tó ní ọgbẹ́ inú kò gbọdọ̀ gba ààwẹ̀ gbígbẹ. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde ńkọ́? Bí omi bá gbẹ lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dí nínú iṣan, kí ìrora eegun bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, bí kò bá jẹun, ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì kó dákú.

Fún àdúrà, ìṣẹ́jú 15 ní àkókò kan náà lójoojúmọ́ tó. Kó mú Sáàmù 13, kó kà á sókè. Ẹsẹ 6 péré ni. Nínú méjì àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Dáfídì bèèrè pé yóò ti pẹ́ tó. Ní ẹsẹ 3 àti 4, ó tọrọ ohun tó fẹ́. Méjì tó kẹ́yìn ló fi gbẹ́kẹ̀ lé àánú Olúwa. Kí ẹni náà máa tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀ lọ́rọ̀ ẹnu ara rẹ̀. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé a máa ń fo ẹsẹ mẹ́rin, a ó bọ́ sórí "mo dúpẹ́, ó ti dára," ìbínú á sì jókòó sínú. Sáàmù 88 parí sínú òkùnkùn, wọn kò sì yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì.

Dídúró sábẹ́ ẹrù kì í ṣe ìjókòó lásán. Ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn. 1846 ló tó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Láàárín ìgbà náà, ó kọ́ ìwé, ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ó di olùkọ́, ó di àlùfáà. Ní 1862, iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó mọ́ àkójọ ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tó ti ń kọ sílẹ̀ fún ọdún 11. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Odindi Bíbélì Yorùbá tí òun àti àwọn mìíràn ń túmọ̀ kò jáde títí di 1884.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ bẹ ará wò, ẹ lọ ní méjì-méjì, ẹ má lò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, ẹ mú gààrí tàbí ìrẹsì dání. Ọjọ́ 7 ni àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀, wọ́n sì ṣe dáadáa. Ìgbà tí wọ́n lanu láti wá ìdí ìyà rẹ̀ ni wọ́n ṣìṣe. Èrò máa ń kún ilé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ní ọ̀sẹ̀ kẹfà kò ní sẹ́ni kankan mọ́. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa lọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Bí ẹni náà bá ní ayé ti sú òun, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹrù rẹ̀ fáwọn èèyàn, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò gbọdọ̀ dàrú mọ́ èyí: obìnrin tí ọkọ ń lù, kò yẹ ká sọ fún un pé àgbélébùú rẹ̀ nìyẹn. Inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti sọ Pọ́ọ̀lù kalẹ̀ lára odi Dámásíkù nígbà tí wọ́n fẹ́ pa á, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò sì dín kù. Ẹ ran obìnrin náà lọ́wọ́ kó jáde.

Lákòótán, mo ń rọ àwọn aṣáájú: ní àkókò ẹ̀rí lọ́jọ́ Sunday, ẹ yọ ìṣẹ́jú márùn-ún sọ́tọ̀ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì yanjú. Kó dìde, kó sọ ohun tó kù fún un láìṣe àlàyé púpọ̀, kí ìjọ gbàdúrà, kí ẹnìkan sì sọ níbẹ̀ ọjọ́ tí òun yóò wá sílé rẹ̀.

Èmi ni tiyín nínú Olúwa,
Alàgbà kan ní Ìbàdàn